Iná Tí Mo Gbé Sí Ẹ̀yìnkùlé Yèyé

Ojúlé Kẹtàlá,
Àdúgbò Òkè-Fíà,
Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Kifayat, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ dàgbà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìlọrin ńkọ́? Bọ̀dá Jibril, ọkọ rẹ, ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń rọlẹ̀? Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn, mo sì mọ̀ pé wọn ò ní gbà kí o di àwọn lọ́wọ́ mú, nítorí àwọn ọkùnrin wa kì í darúgbó, agídí wọn ló kàn ń pọ̀ sí i. Bá mi kí wọn dáadáa. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún ń ké, ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà ń ké, a jọ ń gbó lọ ni. Kàósárà ọmọ rẹ wà ní àlàáfíà. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wá sọ́dọ̀ mi láti yunifásítì, ó ń jẹun, ó sì ń fọ abọ́ tó fi jẹ ẹ́, nítorí náà fi ọkàn rẹ balẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gba Ọjà Ọba kọjá, mo sì rí ibi tí ìyá rẹ máa ń pàtẹ aṣọ aró sí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹnì kan ń ta ike fóònù níbẹ̀ báyìí. Mo dúró síbẹ̀ títí alábàárù kan fi kígbe mọ́ mi pé kí n yà lọ́nà. Ó kàn ń ṣe mí bíi pé wọ́n á na ọwọ́ wọn tí aró ti pa láró sí mi, wọ́n á ní, "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, wá jẹun." Àárò rẹ sọ mí gan-an lọ́jọ́ náà.

Mo mọ̀ pé wàá ti máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Tí mo bá pè ọ́, o ò ní jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ débi kankan kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi láre, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá mi láre lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti bẹ Kàósárà pé kó má tíì sọ ọ́ fún ọ, nítorí ẹnu mi ló yẹ kí o ti gbọ́ ọ. Kifayat, díẹ̀ ló kù kí n fi ọwọ́ ara mi lé Yèyé mi kúrò nínú ilé wọn.

O ò lè gbàgbé ilé náà: ilé amọ̀ tí bàbá mi fi sìmẹ́ńtì rẹ́, ní ìpẹ̀kun abúlé wa lẹ́yìn Iwaraja, níbi tí èèyàn ti máa ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ní oríta kó tó fẹsẹ̀ rìn la oko kòkó kọjá títí ẹsẹ̀ á fi wú. Ìsinmi mélòó la lò níbẹ̀? Ìwọ ọmọ ìgboro Òṣogbo, ọjọ́ tí o kọ́kọ́ dé, o bẹ̀rù, o ní kí ló ń han tó báyìí lábẹ́ òkìtì igi ìdáná. Yèyé ní ìrẹ̀ lásán ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, o ti ń bá wa gbẹ́ ihò ìrẹ̀, o ń yan án, o ń fi iyọ̀ sí i, o sì mú mi búra pé mi ò ní sọ fún ìyá rẹ. Títí wọ́n fi kú, mi ò sọ. Mo kàn ní kí o mọ̀ pé mo ṣì rántí ni.

Ìrẹ̀ yẹn ni aago Yèyé. Ojúmọmọ kì í gbọ́ ohùn wọn. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ ẹ̀yìn kòkó, tí àwọn adìyẹ ń wá ibi tí wọ́n á sùn, ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi ìdáná, òmíràn á dá a lóhùn lẹ́bàá ògiri, kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo ẹ̀yìnkùlé á ti kún. Yèyé á ní, "Ìrẹ̀ ti dún, ẹ ṣan ẹsẹ̀ yín kí ẹ wọlé." Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí owó iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo ra aago ògiri fún wọn. Aago náà kú, ó tó ọdún kan kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó kú.

Láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni ojú wọn ti lọ pátápátá. O mọ̀ bí a ṣe bẹ̀ wọ́n tó pé kí wọ́n wá sí Òṣogbo, wọ́n ní àwọn mọ gbogbo ilé náà láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn ò ní lọ kọ́ ilé onílé ní ọjọ́ ogbó. Wọ́n sì ń ṣe é. Àkùkọ ni wọ́n fi ń mọ òwúrọ̀, ìrẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ìrọ̀lẹ́. Tí ìrẹ̀ bá ti dún, wọ́n á kó adìyẹ wọlé, wọ́n á fi eérú bo iná, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Rédíò tí mo rà, wọ́n ní ariwo rẹ̀ ń di àwọn létí, wọ́n gbé e fún Ìyá Testimony, aládùúgbò tó ń bá wọn pọnmi.

Oṣù kẹjọ ọdún yìí ni olè wá kó adìyẹ wọn, abo mẹ́rin àti àkùkọ kan. Inú bí mi. O mọ ìwà mi, mo máa ń ṣe nǹkan tán kí n tó béèrè. Mo ra iná sólà ńlá kan ní Òkè-Fíà níbí, èyí tó máa ń tàn fúnra rẹ̀ tí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí kì í kú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo mú ẹni tó máa so ó dání, a ri òpó rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìnkùlé, sókè òkìtì igi ìdáná gan-an, níbi tí ilé adìyẹ wà. Gbogbo abúlé wá wò ó. Yèyé béèrè pé, "Dúróoríkẹ́, kí ni iná ń wá lọ́dọ̀ ẹni tí kò ríran?" Mo ní, "Yèyé, olè ló wà fún, ẹ̀yin kọ́." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí di òní.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí Ìyá Testimony pè mí. Ó ní gbogbo èèyàn ti jẹun alẹ́ tán, Yèyé ṣì jókòó síta, adìyẹ tuntun tí mo rà fún wọn wà káàkiri orí ọgbà, wọ́n sì ń jà pé ìrọ̀lẹ́ ò tíì lẹ́. Ó ní òun sọ fún wọn pé ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n ní òtútù tó ń kan àwọn, òjò ló ń ṣú. Ó tún pè mí lọ́sẹ̀ kejì: èlùbọ́ tí wọ́n sá, wọn ò kó o, òjò pa á. Ó pè mí lẹ́ẹ̀kẹta pé òun bá wọn lójú ọ̀nà odò pẹ̀lú ọ̀pá àti korobá, ní àkókò tí ẹnì kankan kì í lọ sódò mọ́. Tìtìjú tìtìjú ló fi sọ ọ́ fún mi pé bóyá ká gbàdúrà nípa ọpọlọ Yèyé.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Ògúnrántí, wá láti Iléṣà. A pé jọ sínú pálọ̀. Bọ̀dá ní kí Yèyé máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Òkè-Fíà, òun ti rí ẹni tó máa gba ilé náà gbé. Yèyé ní àwọn ò ṣàìsàn. Ìgbà yẹn ni èmi ọmọ wọn obìnrin, tí wọ́n fi ẹ̀yìn wọn pọ̀n, la ẹnu mi, tí mo ní, "Yèyé, ojú yín ti lọ, orí yín náà sì ti fẹ́ máa lọ." Wọ́n kàn rọra ní, "Ìrẹ̀ kò tíì dún ni, Dúróoríkẹ́." Èmi àti Bọ̀dá wo ara wa, a mi orí bí wọ́n ṣe ń mi orí fún aláìsàn. A dá ọjọ́ Sátidé fún kíkó ẹrù.

Kàósárà tẹ̀ lé mi lọ ní Sátidé náà, kó lè bá mi di ẹrù. Nígbà tí a di í tán, Yèyé ní nǹkan kan ṣoṣo làwọn fẹ́, kí a mú àwọn dé odò kí àwọn fi omi rẹ̀ ṣan ẹsẹ̀. Mo ti ń kanra, awakọ̀ ti ń fọn fèrè, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ ti di ọwọ́ wọn mú, wọ́n ti ń lọ. Mo tẹ̀ lé wọn. Àṣé ọ̀nà yẹn ò tíì yí padà, Kifayat. Àpáta tí o ti ṣubú níjọ́sí ṣì wà níbẹ̀, ó ti hu ewé. A ò tíì dé etí omi tí ìrẹ̀ kan fi dún lábẹ́ koríko, tí òmíràn dá a lóhùn, tí gbogbo etí odò bẹ̀rẹ̀ sí í ho. Yèyé dúró. Wọ́n fún Kàósárà lọ́wọ́ pọ̀, wọ́n ní, "Ulẹ̀ ń ṣú. Ẹ ò gbọ́ wọn ni?" Mo gbé ojú sókè. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni, ibi tó gbà wọ̀ ṣì pọ́n.

Wọn ò ṣi ìṣẹ́jú kan.

A padà dé ilé, iná sólà ti tàn yòò, ẹ̀yìnkùlé sì dákẹ́ rọ́rọ́. Yèyé ní, "Àwọn ti ulé ni wọn kò dún." Kàósárà dúró, ó di àpótí mú, ó ń wo òpó yẹn títí mo fi ní kó jẹ́ ká máa lọ. Ó wá bi mí pé, "Mọ́mì, ìgbà wo lẹ gbé iná yìí síbí?" Mo sọ fún un. Ó sọ àpótí kalẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ máa lọ."

Bó ṣe ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ ọ nípa kòkòrò fún mi nìyí, bí mo bá ṣì í sọ, ẹ̀bi tèmi ni, kì í ṣe ti yunifásítì. Ó ní inú orí ìrẹ̀, lẹ́yìn ojú rẹ̀ gan-an, ni aago rẹ̀ wà. Aago yẹn ló ń sọ ìgbà tó máa jẹun fún un, ìgbà tó máa sá pamọ́, àti ìgbà tí akọ máa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyẹ́ kan ha èkejì láti pe abo. Ṣùgbọ́n aago náà kì í péye fúnra rẹ̀, bíi ti aago ọwọ́ bàbá mi tí wọ́n ń tún yí ní àràárọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé àti ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ ló ń tún ti ìrẹ̀ yí. Ojú rẹ̀ á rí i pé ilẹ̀ mọ́, á rí i pé ilẹ̀ ṣú, aago á bọ́ sí déédéé. Àmọ́ láti ọjọ́ tí mo ti ri òpó yẹn mọ́lẹ̀, ilẹ̀ ò ṣú mọ́ lẹ́yìnkùlé Yèyé. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni aago àwọn kòkòrò náà ń falẹ̀ sí i. Àwọn kan ń pẹ́ kí wọ́n tó dún, àwọn kan ò dún mọ́ rárá. Àwọn kòkòrò ló ṣìnà. Etí Yèyé ò ṣe nǹkan kan, orí wọn náà ò ṣe nǹkan kan.

Bọ̀dá, tí òun náà wá bá wa kó ẹrù, ò gbà. Ó ní ìrẹ̀ wo ni ìrẹ̀, ṣé ìrẹ̀ ló bí àwọn ni. Kàósárà kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan péré, nítorí wọ́n wà ní ìsinmi. Èmi náà ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo dúró tì wọ́n. Ọmọ rẹ lọ mú ìrẹ̀ akọ mẹ́fà wá láti etí odò, níbi tí iná wa ò dé. Ó kó mẹ́ta sínú ìkòkò amọ̀, ó fi aṣọ dúdú bò ó, ó gbé e sínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Ó kó mẹ́ta yòókù sínú garawa, ó fi àwọ̀n bò ó, ó gbé e sábẹ́ iná sólà. Ó ní kí Yèyé jókòó sáàárín, kí wọ́n máa pè é bí wọ́n bá ṣe ń gbọ́ ọ, òun á máa kọ ọ́ sílẹ̀. O ò rí bí inú Yèyé ṣe dùn pé ẹnì kan gbé iṣẹ́ lé àwọn lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kìíní, ìkòkò àti garawa jọ dún pọ̀ ni. Bọ̀dá ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù. Ní ọjọ́ kejì garawa pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, iṣu ti jinná kí garawa tó la ohùn. Ní ọjọ́ keje, Bọ̀dá wá fúnra rẹ̀, a ti jẹun tán, mo ti ń fọ abọ́, kí ìrẹ̀ kan ṣoṣo tó dún nínú garawa, àwọn méjì yòókù ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn inú ìkòkò, tí wọn ò rí oòrùn láti ọjọ́ tí a ti kó wọn síbẹ̀, ń dún ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ bí àwọn ti etí odò ṣe ń dún. Kàósárà ní aago wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn, kò sí nǹkan tó dà á rú. Bọ̀dá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kà á. Ó bọ́ agbádá, ó wá àkàbà, ó gun òkè lọ tú iná yẹn sílẹ̀. Ó wá ra àgádágodo sí ilé adìyẹ, ohun tó yẹ ká ti kọ́kọ́ ṣe.

Mo kúnlẹ̀ fún Yèyé, mo sunkún. Wọ́n ní, "Ṣé pé orí mi kò yí?" Mo ní, "Orí tèmi ló yí, Yèyé." Wọ́n fi ọwọ́ pa mí lórí, wọ́n ní kí n dìde, kí n má baà ba ìró mi jẹ́.

Ìbá dára ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Àwọn ìrẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ti bọ̀ sípò, kò gbà wọ́n ju ọjọ́ bíi mélòó kan lọ. Yèyé ni kò tíì bọ̀ sípò. Mo máa ń lọ ní Jímọ̀ Jímọ̀, ìrẹ̀ á máa han lábẹ́ àga wọn, wọ́n á sì máa bi mí pé, "Dúróoríkẹ́, ulẹ̀ ṣú àbí kò tíì ṣú?" Tí mi ò bá sí níbẹ̀, Ìyá Testimony ni wọ́n ń bi. Wọn ò gba etí ara wọn gbọ́ mọ́, èmi ni mo sì ṣe é.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n mẹ́nu kan ọ. Wọ́n ní ṣé mo rántí ọdún tí ààwẹ̀ yín bọ́ sí ìsinmi gígùn, lásìkò òjò, tí o sunkún fún ìyá rẹ títí wọ́n fi jẹ́ kí o wá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí o gba ààwẹ̀ pé nìyẹn, nínú ilé tí ẹnì kan ò ti gbààwẹ̀, níbi tí ìpè mọ́sáláṣí kankan kì í dé. Ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó ń rí ibi tí oòrùn ń wọ̀. Yèyé tí kò mọ ẹyọ àdúrà kan nínú ẹ̀sìn yín sọ ààwẹ̀ rẹ di iṣẹ́ wọn. Wọn kì í fi omi kan ẹnu lójú rẹ láti òwúrọ̀. Tí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá ti dé, wọ́n á jókòó tì ọ́ nídìí igi ìdáná, ife omi á wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní kí gbogbo wa pa ẹnu mọ́. Ìrẹ̀ kan á dún, wọn ò ní fún ọ. Èkejì á dún, wọn ò ní fún ọ. Ó di ìgbà tí gbogbo ẹ̀yìnkùlé bá kún kí wọ́n tó ní, "Ó yá, ọmọ mi, mu."

Ohun tí wọ́n bi mí lẹ́yìn ìtàn yìí ni pé, "Bí ìrẹ̀ bá lè purọ́ fún mi báyìí, ta ló mọ̀ bóyá wọ́n ti ń purọ́ látijọ́? Bóyá oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí mo fún ọmọ yẹn lómi. Ọmọ ọlọ́mọ. Ààwẹ̀ tó fi gbogbo agbára rẹ̀ gbà fún Ọlọ́run rẹ̀, mo ti bà á jẹ́." Wọ́n ń sunkún, Kifayat. Mi ò rí kí Yèyé sunkún láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú. Mo ní kò síná níbẹ̀ nígbà náà, mo ṣàlàyé títí ẹnu fi rọ̀ mí. Kàósárà tó bá mi lọ ní òun dárí jì wọ́n lórúkọ rẹ, pé ààwẹ̀ náà kò bàjẹ́. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ẹni tó mu omi náà nìkan làwọn fẹ́ gbọ́ láti ẹnu rẹ̀.

Iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́, èyí ti lé ní ogójì ọdún. Má pè, má sì fi iṣẹ́ rán mi, nítorí wọ́n á ní èmi ni mo kọ́ ọ ní ohun tí o sọ. Wá fúnra rẹ. O máa ń gba ààwẹ̀ Àlàmíìsì. Gbà á wá sí Iwaraja lọ́jọ́ kan, èmi á dúró dè ọ́ ní oríta. Bọ̀dá Ògúnrántí ní kí n kí ọ, Ìyá Testimony náà ní kí n kí ọ. Bá mi kí gbogbo ará ilé, kí o sì fi ara balẹ̀ ṣètọ́jú ọkọ wa kí o tó kúrò nílé.

Tí o bá dé, fi fóònù rẹ sílẹ̀ sínú àpò, má sì wo ojú ọ̀run. Jókòó ti Yèyé nídìí igi ìdáná. Òùngbẹ ì báà gbẹ ọ́ tó báwo, tí ìrẹ̀ ì báà han títí, má mu omi. Jẹ́ kí wọ́n ní kí o mu.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tó ń retí rẹ,

Dúróoríkẹ́.